Kò Sẹ́ni Tó Bi Ìyá Ẹlẹ́kọ Léèrè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ẹ gbé lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n yé lé àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà sáré ìje lójú títì lásìkò ọdún kiri. Ó ní òyìnbó náà ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ lójú títì ìgboro ní erékùṣù Isle of Man tó wà láàárín Bìrìtéènì àti Ireland, eré tí wọ́n ń pè ní TT, àti pé kàkà kí wọ́n pe àwọn asáré wọn ní ìpáǹle, ńṣe ni àlejò ń wọ́ tọ̀ wọ́n lọ láti gbogbo ayé. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí tiwa fi di ẹ̀ṣẹ̀.

Mo ti dé Isle of Man. Mẹ́káníìkì ọ̀kadà ni mí ní Òṣogbo níbí, ọdún 1992 ni mo gba fírídọ̀mù, kò sì sí irú alùpùpù tí n kò tíì tú palẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n dá a lóhùn. N kò bá a jà. Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni, ìdajì tó kù ló sì wúwo jù. Èmi pàápàá sì jẹ gbèsè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Liverpool ló pè mí lọ́dún 2023 pé kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó mọ ohun tó lè mú inú mi dùn. A wa mọ́tò rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Douglas, olú-ìlú erékùṣù náà. Ikùn ọkọ̀ yẹn kún fún alùpùpù, wọ́n fi okùn dè wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí àgbò iléyá. Kí wọ́n tó ní ká máa gòkè lọ jókòó, mo ti ń bẹ̀rẹ̀ wo ṣéènì, mò ń wo bíréèkì, ọmọ mi sì ń fà mí lápá pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan."

Castletown la sùn sí. Lójú ọ̀nà ibẹ̀ láti Douglas, afárá kékeré kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé àwọn iwin ló ni ín, ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí wọn. Onílé wa sọ fún wa pé àwọn asáré kì í fi ṣeré rárá, pé púpọ̀ nínú wọn máa ń lọ kí àwọn iwin náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo kí wọn. Ẹni tó ti rí bí awakọ̀ ṣe ń bọ Ògún nítorí ọkọ̀ tuntun kò ní bá wọn jiyàn.

Títì tí wọ́n ń lò gùn tó kìlómítà 60, ó ju láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ lọ. Kọ́nà inú rẹ̀ lé ní 200. Láti Douglas, ó la abúlé bíi Kirk Michael àti Ballaugh kọjá, ó dé ìlú Ramsey, lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell padà sílé. Lọ́dún tí mo lọ yẹn, asáré kan tó ń jẹ́ Peter Hickman yí gbogbo rẹ̀ ká ní ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ju kìlómítà 219 lọ ní wákàtí kan, pẹ̀lú kọ́nà, pẹ̀lú afárá, pẹ̀lú ògiri ilé onílé ní ọ̀tún àti òsì.

Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tún máṣíìnì ṣe ní Douglas, mo dúró ti mẹ́káníìkì kan títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Gbogbo bọ́ọ̀tì tó bá lè pa èèyàn bó bá tú ni wọ́n ti lu ihò sí lórí. Ó ń fi wáyà tín-ínrín gba inú ihò náà, ó ń lọ́ ọ, ó sì ń so bọ́ọ̀tì kan mọ́ èkejì kí wọ́n má baà lè yí. Wọ́n fi aṣọ oníná wé táyà kó gbóná kó tó kan ilẹ̀, bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ọ̀gbẹ́ni náà kò sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn.

Ballaugh la ti lọ wo eré. Afárá kan wà níbẹ̀ tó yọ iké, ilé èèyàn sì yí i ká. A kọ́kọ́ gbọ́ máṣíìnì kan kí a tó rí i, ó dún bí oyin lókèèrè, ó wá dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ. Ó fún bíréèkì, ó já jíà sílẹ̀, ó gun afárá, táyà méjèèjì sì kúrò nílẹ̀. Ara ṣéènì lojú mi wà. Mo rí i tó rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí táyà ẹ̀yìn balẹ̀, tí ṣéènì fà le gbaingbain, tí asáré sì tún fún un níná. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Tíì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ìgbà tó tutù. Omi ló bọ́ lójú mi, torí pé ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ọwọ́ kan irin, n kò tíì rí ibi tí irin àti èèyàn ti gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní eré yìí ò dùn, irọ́ ló ń pa. Mo mọ̀ ohun tó ń fa àwọn ọmọ wa sí i. Ọmọ tó ti ń gbé èrò láti ìdájí, tí àgbèrò gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣì ní láti jíṣẹ́ owó ojúmọ́ fún ẹni tó ni máṣíìnì, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi sáré lọ́jọ́ ọdún yẹn nìkan ni kò sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mi ò lè bú u.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bí tòyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà lọ́hùn-ún, òfin Bìrìtéènì kò gbà kí ọkọ̀ kọjá máìlì 20 ní wákàtí kan, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ti títì torí eré. Isle of Man ní ilé aṣòfin tirẹ̀, Tynwald, òun ló ṣòfin lọ́dún 1904 pé wọ́n lè ti títì fún eré ìje. Ọdún 1907 ni TT àkọ́kọ́. Òfin ti wà nílẹ̀ kí máṣíìnì tó gbéra. Títí di òní, wákàtí tí wọ́n máa ti títì ti wà nínú ìwé kí ọjọ́ tó pé. Onílé wa lẹ tirẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń dúró pẹ̀lú àsíá yí gbogbo ọ̀nà ká, bí wọn ò bá pé, eré ò ní wáyé. Hẹlikópítà àwọn dókítà wà ní sẹpẹ́, bí ìkùukùu bá bo òkè tí kò lè fò, eré dúró. Wọn kì í tú àwọn asáré sílẹ̀ pa pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá síra wọn. Ẹni tí kò sá a rí ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ ọ́n.

Pẹ̀lú gbogbo ètò yìí, àwọn asáré tó ti kú lójú títì yẹn láti 1911 tí wọ́n ti ń lò ó lé ní 260. Mẹ́fà ni TT ọdún 2022 nìkan pa. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn, wọ́n jọ wà lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà. Lọ́dún tí èmi lọ, Raul Torras Martínez láti Sípéènì kú níbẹ̀. Lọ́dún 2007, asáré kan kú, òǹwòran méjì sì bá a lọ. Giacomo Agostini, ará Ítálì tó gba TT lẹ́ẹ̀mẹwàá, kọ̀ láti padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gilberto Parlotti kú lọ́dún 1972, àwọn mìíràn kọ̀ bíi tirẹ̀, nígbà tó sì di 1976, ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n ka TT mọ́ ìdíje àgbáyé.

Ìdílé kan wà ní Àríwá Ireland tí mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn. Joey Dunlop gba TT nígbà 26, eré ojú títì pa á ní Estonia lọ́dún 2000. Àbúrò rẹ̀ Robert kú lọ́dún 2008 níbi ìdánrawò fún eré kan ní Àríwá Ireland. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Michael, ọmọ Robert, gun máṣíìnì lójú títì kan náà, ó sì gba ipò kìíní. Lọ́dún 2018, eré ojú títì tún pa William, ẹ̀gbọ́n Michael, ní Ireland. Michael ń sáré lọ, lọ́dún 2024 ló kọjá 26 tí Joey ṣe. Wọ́n ń pè é ní akọni, akọni sì ni. Èmi ń ro ti obìnrin tó sin ọkọ, tó sin ọmọ, tí ọmọ rẹ̀ mìíràn ṣì ń wọ akoto.

Gbèsè tèmi wá nìyí. Lọ́dún 2006, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Kérésìmesì pé, ọmọ ọlọ́kadà kan gbé máṣíìnì rẹ̀ wá bá mi pé òun fẹ́ sáré ọdún, pé kí n bá òun mú un yá. Mo pààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn irin eléyín tó ń fa ṣéènì, mo yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀ dànù kó lè máa ké. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo gbà. Inú mi tilẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn márùn-ún ló tò lójú títì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ìyá ẹlẹ́kọ kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sọdá, ọmọdé kan ló pè é láti òdìkejì. Ó gbọ́ ariwo. Ariwo náà pọ̀ débi pé kò mọ ọ̀nà tó ti ń bọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó padà sẹ́yìn. Ibi tó padà sí ni wọ́n ti gbá a. Nígbà tí mo débẹ̀, ewé ẹ̀kọ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kiri, ẹnì kan ń ṣa àwọn tí kò tíì fọ́ sínú igbá padà, bí ẹni pé ìyá náà ṣì máa tà wọ́n. Ọmọ ọlọ́kadà yè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò tọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó mú mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ariwo tí ìyá yẹn kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, èmi ni mo tú u sílẹ̀.

Akọ̀wé lẹ́tà, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o rí nìyí. Asáré Isle of Man ló yan ikú tó lè pa á, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ìyá arúgbó Ballaugh mọ wákàtí tí òun kò gbọ́dọ̀ sọdá. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i, ó ní aṣòfin tó lè lọ bá. Ìyá ẹlẹ́kọ tiwa, ta ló bi í? Eré tí kò sẹ́ni tó ti títì fún kì í ṣe TT.

Bí wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa ti títì níbí, èmi kò ní fọwọ́ sí i. Mo ti rí iye tó ń kú níbi tí ètò ti pé. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ fún ni pápá kan lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ pupa gbalasa, tí wọ́n á fi wáyà yí ká, tí mọ́tò tó ń gbé aláìsàn á wà níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ wọ akoto, kí wọ́n máa sáré wọn níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á yẹ bíréèkì àti táyà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sì ti gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì pé kí mẹ́káníìkì kankan má yọ sàlẹ́ńsà fún ẹni tó fẹ́ sáré títì mọ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní oúnjẹ làwọn ń wá. Mo máa gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Sàlẹ́ńsà ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kò padà wá gbà á, mo sì fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé fírídọ̀mù mi. Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ló ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa báyìí. Bó bá fẹ́ sọdá láàárọ̀, ó máa ń dúró létí títì pẹ́, kódà bí títì bá dá.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá mẹ́káníìkì kan,
Òṣogbo