Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ya Olùdíje Yín

Ẹ̀yin ọmọ wa lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín kú làálàá, mo sì kí yín kú ìmúra ìdìbò ọdún 2027. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti yan ẹni tí ẹ máa tẹ̀ lé. Ìyẹn kò burú. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìbínú tí mo ń rí lójú fóònù nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa olùdíje, tàbí tí aláwàdà kan bá sín in jẹ nínú fídíò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti bú ìyá ayàwòrán, wọ́n ti wádìí ìlú tí wọ́n ti bí i, wọ́n sì ti ń bèèrè iye tí ẹgbẹ́ kejì san fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ẹni tó bá jáde pé òun fẹ́ ṣe olórí wa ti bọ́ sójú agbo nìyẹn, wọ́n á fi í kọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìjà gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rín, iṣẹ́ tí kò rán yín lẹ ń jẹ́, ẹ sì ń bà á jẹ́ ju bí ayàwòrán ṣe lè bà á jẹ́ lọ.

Àwọn kan á sọ pé Yorùbá kì í rí àgbà fín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ náà ló ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ẹ̀fẹ̀. Ẹ bi ará Ìbàdàn léèrè bí ọjọ́ Òkèbàdàn ṣe ń rí. Wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń jẹ. Àwọn èèyàn á bọ́ sígboro, wọ́n á máa kọ orin tí n kò lè kọ sínú lẹ́tà yìí, orin nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin, wọ́n á sì ti orúkọ ẹni ńlá bọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ kì í bínú. Bó bá sì bínú, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń bínú.

Ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní Ìmẹ̀kọ àti Ìlaróo lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní òru tirẹ̀, òru Ẹ̀fẹ̀. Àárín ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ń kọrin á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa àti àwọn tó nilẹ̀. Bó bá ti júbà tán, ó di kí ó máa tú àṣírí: olówó tó ń jẹ owó ìlú, baálẹ̀ tó ń gba ẹ̀gúnjẹ, òṣèlú tí a kò rí mọ́ láti ọjọ́ tí a ti dìbò fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sẹ́ni tó máa lọ ká a mọ́lé. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé lọ́dún 2001, orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni wọ́n yẹ́ sí, kì í ṣe igi gbígbẹ́ nìkan.

Ká bọ́ sórí ìwé ìròyìn. Ní Èkó, ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Azikiwe dá sílẹ̀ lọ́dún 1937, ni Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀. "Lash" ló ń kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ó ya àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ojú tì wọ́n. Nígbà tí ìṣèlú ẹgbẹ́ dé, ó ya Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Action Group, náà. Ẹ wá wò ó: Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ṣí aṣọ lójú Action Group ní oṣù kẹrin ọdún 1951. Ọmọ ìlú tí wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ jáde ló wá ń fi ẹgbẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Zik. Bó bá jẹ́ lónìí ni, ọ̀dàlẹ̀ lẹ máa pè é kí oòrùn tó yọ. N kò sọ pé gbogbo ohun tó yà ló tọ́, nítorí ti NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azikiwe, ni Pilot ń ṣe, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n Action Group kò tìtorí rẹ̀ kú. Awólọ́wọ̀ ti dá Nigerian Tribune tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1949, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rò jù ni Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Àwa tí a dàgbà ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà mọ̀ pé nínú àwọn olóṣèlú, ekukáká ni ẹ fi máa rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó o. Bó bá gun orí pèpéle ìpolongo, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá á wá gbọ́ ẹnu rẹ̀. Á sọ̀rọ̀ kan báyìí nípa alátakò rẹ̀, agbo á gbẹ̀rín, ẹni tí wọ́n ń sọ á sì máa wá ibi tó máa gbé ojú sí. Ọ̀gá nínú ẹ̀fẹ̀ ni.

Ní ọdún 1964, Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ rí nínú Action Group, ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ní kí Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Òsósà, wá ṣeré fún ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin. Eré tó gbé wá ni Yorùbá Ronú, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà á fún ọ̀tá. Kò dárúkọ Awólọ́wọ̀. Kò dárúkọ Akíntọ́lá. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Nínú oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba fòfin de Ògúnǹdé àti àwọn òṣèré rẹ̀: wọn kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ṣé ẹ rí ohun tí òfin náà ṣe? Ẹni tí kò tíì rí eré yẹn rí, tó ń ta iṣu jẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ́jà, bó ti gbọ́ pé ìjọba bínú, ó ti mọ ẹni tí ọba jẹ́, ó sì ti mọ ẹni tí igbákejì jẹ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló lẹ orúkọ Akíntọ́lá mọ́ igbákejì ọba níwájú. Ògúnǹdé ì bá ṣeré fún ọdún mẹ́wàá, kò ní lè lẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún lọ gbé eré mìíràn jáde, Òtítọ́ Korò, láti fi fèsì. Ọdún 1966 ni Fájuyì, gómìnà ológun, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Nígbà yẹn, wọ́n ti pa Akíntọ́lá, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ìjọba rẹ̀ ti wó. Yorùbá Ronú ṣì wà lẹ́nu wa títí di òní.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú yín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Bọ́lá Tinúbú sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ó ní "Èmi ló kàn." Gbogbo ayé gbé e. Wọ́n fi ṣe àwòrán, wọ́n fi ṣe fídíò, àwọn ọmọ kéékèèké fi ń bá ara wọn du ẹran. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ tó gbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù, wọ́n fi kọrin, ẹ̀fẹ̀ di ìpolongo. Àwọn tó bínú nínú wọn, kí ni wọ́n rí gbà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Peter Obi àti "ẹ lọ wádìí rẹ̀ wò", àti ti Àtíkù tó ti ń wá ipò ààrẹ láti ọdún 1993. Ìwọ tí o rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ nígbà tí wọ́n ya ti Àtíkù, tí o wá ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó ya tìrẹ, ṣé o ń gbọ́ ara rẹ báyìí?

Nínú WhatsApp ẹbí wa, ẹnì kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ kí ìdìbò 2023 tó wọlé. Olùdíje jókòó lórí àga tó ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, bàtà kan ti bọ́ sílẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́, ó gùn ju ìwàásù lọ. Ẹlòmíràn ní òun kò bá wọn ṣe mọ́, ó jáde. Nígbà tí a ń kó owó ìsìnkú jọ, ẹni tó ń gba owó ní láti pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ wo àwọn tí wọ́n torí wọn ń jà. Àtíkù àti Obi jọ díje lábẹ́ PDP lọ́dún 2019, ààrẹ àti igbákejì; nígbà tó fi máa di 2023, wọ́n ti dojú ìjà kọ ara wọn. Àwọn olóṣèlú mọ bí wọ́n ṣe ń tún ara wọn bá jẹun. Ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n.

N kò ní kí ẹ máa gbé gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín mì. Fídíò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ sí olùdíje lẹ́nu, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ gbà pé òun ló sọ ọ́, irọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwòrán tí orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá ya odindi ẹ̀yà kan bí ẹranko, ẹ sọ fún un pé kò bójú mu. Ọ̀rọ̀ àìsàn sì ṣòro díẹ̀: a ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bóyá ara ẹni tó fẹ́ ṣàkóso wa le, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n, a kì í sín in jẹ. Ibi tí mo fa ìlà sí nìyẹn. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ wá bá mi jiyàn.

Ti ọlọ́pàá ni kí ẹ má dán wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ sórí Twitter nípa ìyàwó Buhari, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fa ẹjọ́ náà tì. Àwọn tí kò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti wá a kà kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yà ńkọ́? Ẹ ya gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ olùdíje kan ṣoṣo lẹ ń yà láti oṣù kìíní dé ìparí ọdún, a ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ̀rín wa á sì máa dín kù.

Ó ku ẹ̀yin méjì tí ẹ kò tíì padà sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ mọ ara yín. Ìpàdé wà ní Sátidé tó máa parí oṣù, ilé mi ni. Mo ti bẹ ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́ pé kó má fi òmíràn ránṣẹ́ títí dìgbà náà. Ó ní òun á gbìyànjú.

Èmi ni,
Bàbá yín, láti Ìbàdàn