Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó họ èèyàn mi kúrò lójú yìnyín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ó pé ọdún kan lánàá tẹ́ ẹ ti lọ. Mo ní mi ò ní sunkún, àfi ìgbà tí mo ṣí àpótí pèǹtì yín tí mo rí ọ̀bẹ yẹn, búlúù ṣì gan mọ́ etí ẹ̀, ni omi bá bọ́ lójú mi.

Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń pariwo mọ́ mi pé yìnyín kì í ṣe funfun? Ẹ á ṣí ìwé síbi àwòrán The Magpie tí Monet, ayàwòrán ará Faransé, yà ní 1868 sí 1869, ẹ á ní kí n wo òjìji ọgbà yẹn, ṣé mo rí dúdú níbẹ̀? Kò sí dúdú lóòótọ́, búlúù ni, pẹ̀lú elésè àlùkò díẹ̀, torí ibi tí oòrùn ò dé lójú yìnyín, àwọ̀ ojú ọ̀run ló máa ń gbà. Àwọn adájọ́ Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá Paris, kọ̀ ọ́ ní 1869, inú á máa bí yín bíi pé tiyín ni wọ́n kọ̀.

Tó bá wá kan àwòrán àwọn ọdẹ nínú yìnyín tí Bruegel yà ní 1565, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ á kàn nàka sí ojú ọ̀run, ẹ á nàka sí omi tó dì, àwọ̀ kan náà, eérú tó fẹ́ di àwọ̀ ewé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa, àwọn ajá pàápàá dorí kodò.

Kí ló dé tẹ́ ẹ họ èèyàn mi? Èèyàn kékeré tí mo yà sójú ọ̀nà nínú àwòrán yìnyín mi, kò ju èékánná lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ họ ọ́, ẹ fi pèǹtì bo ojú ẹ̀, ẹ jáde, ẹ ò sọ nǹkan kan. Àwòrán yẹn dáa sí i, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọnú ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mi ò bi yín, ẹ ò sọ, àárín wa ò gún mọ́ títí ẹ fi kú. Ṣé ẹ ò lè pè mí kí n fọwọ́ ara mi họ ọ́ ni?

Dókítà ní awọ ti ń bo ojú mi méjèèjì. Gbogbo nǹkan ti ń rí bíi yẹ́lò, mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá búlúù mọ̀ yàtọ̀ sí eérú mọ́. Monet náà ní in, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 1923, mo mọ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àwòrán yìnyín kan wà níwájú mi báyìí, òjìji igi ló kù, mo ti po búlúù lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì rẹ́ni bi bóyá búlúù ni.

Mo fi èèyàn kan sójú ọ̀nà ẹ̀. Ó ń lọ, ẹ̀yìn ló kọ sí wa.

Àbúrò yín