Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Egbò Kú Kí Ẹ Tó Rán An

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ń sáré kiri inú ilé, ló bá fi orí sọ etí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì. Iwájú orí là. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí wọn ò tiẹ̀ béèrè owó káàdì kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí.

Ìgò lignocaine, oògùn tó ń mú kí ojú egbò kú, wà lórí tíréè, mo fi ojú mi rí i. Dókítà fà á, ó gún un sí etí egbò, kò sì tó kí èèyàn ka ení dé ẹẹ́wàá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Àwa mẹ́ta la di ọmọ mọ́lẹ̀: ẹnìkan lẹ́sẹ̀, ẹnìkan lápá, èmi lórí. "Màmá Àgbà, ẹ gbà mí o!" Èmi tó ń ké pè náà ni mo di orí rẹ̀ mú.

Mi ò lè bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì mọye ọmọ tí mo ti dì mú bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ ni pé ìrora ọmọ ọwọ́ kò tó nǹkan, kò ní rántí. Ọdún 1987 ni àwọn dókítà kan ní Oxford tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún: àwọn tó gba ojúlówó oògùn ìrora, wàhálà tó bá ara wọn kéré gan-an sí ti àwọn tí kò gbà á. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ nìyẹn o, ká má tíì sọ èyí tó ń pe orúkọ mi.

Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni lignocaine ń béèrè. Bí a bá gba inú egbò gún un, tí a sì rọra tì í, títa rẹ̀ á dínkù. Jẹ́ẹ̀lì kan tún wà tí wọ́n máa ń fi òwú tẹ̀ mọ́ ojú egbò fún bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, tí ibẹ̀ á kú láìgún ọmọ lábẹ́rẹ́ rárá. Bí kò bá sí jẹ́ẹ̀lì, ṣé kò sí aago lára ògiri ni?

Lọ́jọ́ karùn-ún, a padà lọ yọ okùn. Láti ẹnu géètì ni ọmọ ti rọ̀ mọ́ òpó. Nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n jókòó, kí n gbé e lé itan, kó kọjú sí mi. Ó fún un ní síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ó ní kó máa fi fọ́n omi sí mi lójú. Okùn márààrún jáde. Aṣọ mi rin gbindin, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.