Ẹ ti gba ọwọ́ òsì wa lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Boston

Chicago, Illinois
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, 2025

Baba Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ìrọ́jú bí Yankees ti New York ṣe lé Red Sox yín jáde nínú baseball o. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tí Garrett Crochet, ọlọ́wọ́ òsì tó ń ju bọ́ọ̀lù fún yín, jù ú ní New York. Mo gbọ́ ẹ̀rín tí ò ń rín, mo sì mọ̀ pé èmi lo ń fi rín in. Ìgbà 11 ló dá ẹni tó gbé igi dúró padà sórí bẹ́ǹṣì láìrí bọ́ọ̀lù gbá, ẹ sì borí 3-1. Nígbà tí Yankees wá borí yín lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, n kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Èmi náà kò pè ọ́, torí ẹni tí ìbànújẹ́ bá, a kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bi mí nínú ohùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ṣebí àwa White Sox la fọwọ́ ara wa gbé Crochet fún yín, kí ló wá ń dùn mí?

Kì í ṣe gbígbé tí wọ́n gbé e fún yín ló ń dùn mí. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí o kò tíì máa wo eré yìí dáadáa nígbà náà.

Oṣù Kejìlá 2016 lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Rick Hahn tó ń bójú tó White Sox gbé Chris Sale fún yín, ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ sì kó Yoán Moncada, Michael Kopech àti ọmọ méjì mìíràn fún wa. Lọ́jọ́ kejì, Adam Eaton gba Washington lọ, Lucas Giolito, Reynaldo López àti Dane Dunning sì wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó di oṣù Keje 2017, wọ́n gbé José Quintana fún Cubs, àwọn ará apá àríwá ìlú yìí kan náà, Eloy Jiménez àti Dylan Cease ló wọlé dípò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń tún ẹgbẹ́ kọ́ ni. Ohun tí Cubs ṣe tí wọ́n fi gba ife ní 2016, tí Houston náà ṣe tí wọ́n fi gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e, làwọn náà fẹ́ ṣe: ta àgbà, gba ọmọdé, máa pàdánù fún ọdún mélòó kan, kí o wá máa borí títí. Èmi fara mọ́ ọn. Gbogbo àwa tá a máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line lọ sí pápá wa ní 35th Street la fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ká ní sùúrù, a sì ní in.

Ẹ̀yin gba ife tiyín ní 2018. Sale ló ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, Manny Machado tó wà lọ́dọ̀ Dodgers nígbà náà ló sì dúró níwájú rẹ̀, tó fi igi gbá afẹ́fẹ́ títí tó fi kúnlẹ̀. Ìgbà òtútù yẹn gan-an làwa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé Machado yìí kan náà pé kó wá bá wa ṣeré. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n lọ mú Yonder Alonso láti Cleveland, torí arábìnrin Alonso ni ìyàwó Machado. Wọ́n tún mú Jon Jay, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ni wọ́n ṣe ń ṣe: wọ́n kó àna jọ, wọ́n kó ọ̀rẹ́ jọ, ó ku owó orí. Owó orí ni wọn ò rí san. Wọ́n nawọ́ 250 mílíọ̀nù dọ́là, San Diego na 300, ìyàwó bá tirẹ̀ lọ, àna sì jókòó sílé wa. Nígbà tí Machado dé San Diego, ta ló wá di alábàáṣe rẹ̀ níbẹ̀? Fernando Tatis Jr., ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí àwa yìí náà yọ̀ǹda ní 2016, kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún wa, nítorí kí James Shields lè wá ju bọ́ọ̀lù. Mo máa ń gbìyànjú láti má ronú kan Tatis lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Síbẹ̀, àtúnkọ́ náà fẹ́ yọrí. Èyí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, wọ́n á ní White Sox ti burú látọdúnmọ́dún. Rárá o. Ní 2020 a wọ playoff, ìdíje ìparí ọdún tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba ife. Giolito ju eré kan lọ́dún yẹn tí ẹnikẹ́ni ò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá bó ṣe yẹ látòkèdélẹ̀. Ní 2021 a borí nínú eré 93, a sì gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wa. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá yóò na owó, kó ní ẹ̀yin ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin tọ́, ẹ gba àgbà méjì mẹ́ta kún un. Ohun tí Jerry Reinsdorf, tó ni ẹgbẹ́ láti 1981, ṣe ni pé lẹ́yìn sáà 2020 ó ti lọ pe Tony La Russa padà láti wá darí wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Houston lé wa jáde nínú playoff, 2022 a borí 81, a pàdánù 81, ó sì di 2023 a pàdánù 101. Hahn lọ, Kenny Williams tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ náà lọ.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí àwa ń ṣe gan-an nìyẹn, ọdọọdún. Mo bẹ̀ ọ́, gbọ́ èyí: títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, owó tó pọ̀ jù tí White Sox fọwọ́ sí fún ẹnì kan rí ni 75 mílíọ̀nù dọ́là, Andrew Benintendi ni wọ́n sì fún, ará ilé yín tẹ́lẹ̀ rí. Crochet tá a mú láti yunifásítì ní 2020, tá a dúró tì nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tún apá rẹ̀ ṣe, kò tíì lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ yín tí ẹ fi fún un ní 170 mílíọ̀nù.

2024 ńkọ́? Eré 162 ni wọ́n máa ń ṣe lọ́dún, a pàdánù 121 nínú rẹ̀. Láti 1900, kò sí ẹgbẹ́ tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀. 120 tí Mets pàdánù ní 1962 ló mú ipò náà tẹ́lẹ̀. Nígbà kan láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, a pàdánù 21 léra wọn, kò sí ìsinmi láàárín. Lọ́sẹ̀ tí ìyẹn dáwọ́ dúró ni wọ́n lé Pedro Grifol tó ń darí wọn. Ìwọ tó o máa ń wo Premier League, o mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti já wálẹ̀, ọ̀gá náà á sì fojú ara rẹ̀ rí i. Níbí, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń já sí. Owó tẹlifíṣọ̀n ń wọlé, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún ṣí géètì. Ọdún yẹn kan náà ni Reinsdorf lọ bá àwọn aṣòfin Illinois ní Springfield pé kí ìjọba wá bá òun kọ́ pápá tuntun!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nílé, tí àdánù ti pé 120, àwọn èèyàn wá láti wo 121 bí ẹni wá wo iná. Àwọn ọmọ wa wá borí Angels lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra. Àfi bíi pé wọ́n fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín rẹ̀ ni ariwo sọ pé kí Reinsdorf ta ẹgbẹ́ náà. Ohun gbogbo ló ti tà fún wa, Baba Ìbejì, àfi èyí tá a ní kó tà. Wọ́n lọ pàdánù tiwọn ní Detroit lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ìyà yẹn kò tilẹ̀ lérè. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ tó bá kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí Houston fi lè pàdánù, kó sì jẹ èrè rẹ̀. Wọ́n ti yí òfin padà. Lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín àwọn ipò iwájú báyìí, ẹgbẹ́ ìlú ńlá tó sì ń dá owó fún àwọn ẹgbẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lọ́dún méjì léra. A ti mú ẹnì karùn-ún ní 2024. Nítorí náà, lẹ́yìn àdánù 121, ipò kẹwàá ni wọ́n jù wá sí lọ́dún yìí. Àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì mọ òfin yìí kí wọ́n tó tú ẹgbẹ́ ká lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti Crochet fúnra rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ Chris Getz tó gba iṣẹ́ Hahn. Ó mọ ọjà náà ná. Kyle Teel tí ẹ fún wa dára, ó mọ bọ́ọ̀lù í gbà lẹ́yìn igi, ó sì mọ bọ́ọ̀lù í fi igi gbá. Chase Meidroth kì í jẹ́ kí ajubọ́ọ̀lù tètè tan òun jẹ. Braden Montgomery ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Montgomery kejì, Colson, tiwa ni látilẹ̀, ó dé ní oṣù Keje yìí, ó sì gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) 21 kí sáà tó parí. A pàdánù 102, ọdún kẹta léra tó kọjá 100 nìyẹn, síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ mo tún ń tan tẹlifíṣọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú mi. Ìbínú mi ni pé mo ti rí fíìmù yìí rí. Mo ti rí Moncada, mo ti rí Eloy, mo ti rí Kopech (òun náà gba ife lọ́dọ̀ Dodgers lọ́dún tá a pàdánù 121, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tá a gbé e lọ). Ọmọdé tí ń dàgbà kì í ṣe ìṣòro wa. Ọdún tí wọ́n bá dàgbà tán, tí owó wọn tó ná, ni mo ń bẹ̀rù.

O lè ní Justin Ishbia, olówó kan, ń bọ̀ wá ra ẹgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti fọwọ́ síwèé ní oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n láti 2029 lọ ni Reinsdorf tó lè gbé agbára fún un, bó bá wù ú. Bí kò bá wù ú, ó di ẹ̀yìn sáà 2034 kí Ishbia tó lè sọ pé òun fẹ́ rà á. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni bàbá náà lónìí. Mo fẹ́ kó pẹ́ láyé, ní tòótọ́, mi ò ṣépè fún àgbà. Ó gba ife kan fún wa ní 2005, mi ò sì gbàgbé. Kó kàn jẹ́ kí Ishbia máa nawó kí 2029 tó dé.

Má tún sọ fún mi mọ́ pé kí n bọ́ sọ́dọ̀ Cubs. Ó lójú ohun tí wọ́n ń bá ọmọlúàbí sọ. Àní Póòpù Leo, White Sox ló ń ṣe, ó sì ti dé Vatican kò yí padà.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì. Sọ fún un pé èlùbọ́ tó fi ránṣẹ́ ti dé, Màmá Dàmọ́lá sì ní kó má bínú pé òun ò tíì pè. Bí ilé ìwé bá gba ìsinmi lọ́dún tó ń bọ̀, kó àwọn ìbejì wá, mo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa, kò wọ́n. Kí wọ́n má ṣáà wọ fìlà Red Sox wá sí 35th Street. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sì ń sọ̀rọ̀ Teel pé ẹ fẹ́ gbà á padà, kọ̀wé sí mi kíákíá.

Èmi ni,
Baba Dàmọ́lá