Má da omi ẹ̀fọ́ nù

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. O ní dókítà ní kí ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa, o sì ń gbìyànjú: o ń bọ ẹ̀fọ́ títí yóò fi rọ̀ jọ̀bọ̀lọ̀, o ń da omi rẹ̀ nù, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ fẹnu kàn án. Ọ̀rẹ́ mi, omi tí ò ń dà nù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi.

Fítámì C máa ń yòrò sínú omi, iná sì máa ń bà á jẹ́. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó, tí ẹ̀fọ́ sì pẹ́ tó lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni oore inú rẹ̀ ń dín kù. Nítorí náà, fọ ẹ̀fọ́ kí o tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá gé e tán, má sì gé e sílẹ̀ láàárọ̀ de alẹ́. Omi díẹ̀ ni kó o bù sí i, dé ìkòkò, kí ooru sè é. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó fún ewé tó rọ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù, dà á sọ́bẹ̀. (Ewé tó ní oró, bí ewé ẹ̀gẹ́, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ o! Ìyẹn gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, kí a sì da omi rẹ̀ nù.)

Kì í ṣe pé iná burú fún gbogbo nǹkan. Tòmátì tí a sè, pàápàá pẹ̀lú òróró, èròjà tó mú un pupa máa ń wọ ara ju ti tútù lọ. Kárọ́ọ̀tì náà fẹ́ òróró díẹ̀, torí láìsí ọ̀rá, ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A kì í wọlé dáadáa.

Mo mọ̀ ọ́ mọ tíì, nítorí náà má bínú sí mi: má mu ún mọ́ oúnjẹ. Èròjà irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran, tíì sì tún ń dí i lọ́nà. Bí o bá jẹun tán, dúró fún bíi wákàtí kan kó o tó mu tíì. Ọsàn ni kó o jẹ tẹ̀ lé oúnjẹ, tàbí kó o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀fọ́; ìyẹn ló ń ran irin náà lọ́wọ́.

Ní ti omi èso tí ò ń sẹ́ fún àwọn ọmọ, èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Jẹ́ kí wọ́n jẹ èso náà lódindi. Fáíbà tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, inú sísẹ́ ló ń bá lọ, ṣúgà ló ń kù sínú ife. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá sì kọ̀ lónìí, tún bù díẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ mìíràn, láìsí ìjà.

O bi mí pé mélòó ló tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà jẹ gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́, èso àti ẹ̀fọ́ lápapọ̀; ọ̀dùnkún àti ẹ̀gẹ́ kò sí nínú ìyẹn. Bí ti tútù bá ń tètè bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ra èyí tí wọ́n ti mú kó dì bíi yìnyín, kò sí ohun tó ṣe é.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Tètè fèsì.

Èmi ni,
Fúnmi