Màmá, èsìsì jó mi ní Kánádà

Vancouver, Kánádà
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọjà. Akin, ìwọ tí ò ń kà á fún wọn, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan.

Ara mi le. Òtútù ti lọ, ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ báyìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Sátidé tó kọjá, mo san 40 dọ́là kí wọ́n lè mú mi lọ wo ewé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Igbó ńlá kan wà nínú ìlú wa níbí, Stanley Park ni wọ́n ń pè é. Láti 1888 ló ti di ọgbà ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Kì í ṣe irú ọmọ onílẹ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé l'Ékòó o. Tàwọn yìí, wọ́n gbalẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin ẹ̀yà Squamish, ló mú wa rìn.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi fọwọ́ kan ewé kan lẹ́bàá ọ̀nà. Màmá, èsìsì ni! Kì í ṣe irú tiwa gan-an, àmọ́ bákan náà ló ń jóni. Kí n tó pariwo tán, obìnrin náà ti fa ewé kan tó dà bí imọ̀ ọ̀pẹ kékeré mọ́ra láìjá a, torí òfin ọgbà ò gbà kéèyàn já ewé. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí nǹkan rúsúrúsú kan tò sí, ó fi ra ọwọ́ mi. Ó rọlẹ̀ díẹ̀; ọjọ́ kejì ló tó lọ tán. Ó ní nílé àwọn, wọ́n ń se èsìsì yẹn jẹ bí ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń fi èèpo rẹ̀ lọ́ okùn àwọ̀n ẹja.

Ó mú gbòǹgbò kan jáde nínú àpò tó gbé bọ̀ láti ilé, irú èyí tó ń hù lára igi bí àfòmọ́. Ó fún wa jẹ. Ó dùn bí ewé ojú ológbò tí ẹ máa ń fún wa, ikọ́ náà ni wọ́n sì ń lò ó fún.

Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kédárì, kì í ṣe ti inú Bíbélì o. Ọkọ̀ ojú omi, ilé, agbọ̀n, aṣọ, títí kan ìlédìí ọmọ, ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ìgbà tí oje bá ń gòkè ni wọ́n ń bó èèpo rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bá igi sọ̀rọ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wá fa èèpo kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kí igi má baà kú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọmọ tó bó ọ̀gánwó ẹ̀yìnkùlé yíká tí igi náà fi gbẹ. Ẹ ò lù ú, ẹ ní kó lọ bẹ igi. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

A dé ìdí igi kan tó jẹ́ kìkì ẹ̀gún, tigi tewé. Obìnrin náà ní oògùn ńlá ni, ó dákẹ́. Ọkùnrin kan bi í bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà kọ́ lẹ ṣe máa ń dá oníbàárà lóhùn: "Mu ún, má bi mí léwé"?

Ó ní ìyá àgbà òun mọ orúkọ gbogbo ewé yìí lédè wọn, ṣùgbọ́n ìjọba kó ìyá àgbà náà lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń na ọmọ onílẹ̀ tó bá sọ èdè ilé. Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí wọ àwọn ọdún 1990. Òun fúnra rẹ̀, àgbà ló ti dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó pe orúkọ kédárì fún wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀fun mi ò gbé e.

Èmi, ẹnikẹ́ni ò nà mí. Èmi ni mo di etí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ kí ẹ tó já ewé láàárọ̀, nígbà tí ẹ ò tíì kí ẹnikẹ́ni, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo rántí. Tí mo bá dé lóṣù Kejìlá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Akin, má gbà á sórí fóònù fún mi o, ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ báǹkì. Ẹ máa lo ti dókítà náà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbo rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́. Wọ́n da ti ìjẹta nù ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni tó gbé e bọ̀ ò sì tíì dá mi lóhùn títí dòní.

Ọmọ yín,
Bọ́láńlé