Ẹ fi fámásì hàn wọ́n kẹ́ ẹ tó gbowó wọn

Ọ̀gá Olóòtú,

Ìpolówó tí ẹ gbé sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fà á tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Community college kan níbí ní Texas ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston wá kọ́ iṣẹ́ pharmacy technician, ìyẹn ẹni tó ń ran apòògùn lọ́wọ́ nínú fámásì. Wọ́n ní oṣù díẹ̀ péré ni, pé iṣẹ́ ti ń dúró. Iṣẹ́ wo ló ń dúró de ta? Àwọn tó ti sanwó irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú ló ń dúró, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń retí fámásì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ò tíì rí.

Wàhálà inú kíláàsì kọ́ là ń sọ. Externship ni, ìyẹn iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú fámásì tàbí ọsibítù gidi. Ẹ̀kọ́ tí ASHP àti ACPE, àwọn àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fámásì wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí wákàtí 400, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ọ̀sẹ̀ 8. Apá kan nínú wákàtí wọ̀nyẹn, níbi tí apòògùn ti ń ta oògùn fún aláìsàn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Fámásì kì í sì í ṣe ilé ẹ̀gbọ́n ẹni tí a kàn ń yà sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, àwọn lọ́yà á kà á síwá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì á wọ̀ ọ́, oṣù á máa gorí oṣù. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀ wọ́n á gba owó ogún ènìyàn nígbà tí àyè tó wà lọ́wọ́ wọn ò ju ti ènìyàn mẹ́fà lọ, wọ́n á wá ní káwọn yòókù lọ fẹsẹ̀ ara wọn wá fámásì. Bí ẹni sanwó ilẹ̀ tán, tí onílẹ̀ wá ní kó lọ wá ibi tí ilẹ̀ náà wà.

Aago ò sì dúró. Ní Texas, ọdún 2 péré ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso fámásì fi ń forúkọ trainee, ìyẹn ẹni tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ náà, sílẹ̀, wọn kì í sì í tún un ṣe. Láàárín ọdún 2 yẹn ló gbọ́dọ̀ yege ìdánwò. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni PTCE, ìdánwò ìwé ẹ̀rí àwọn pharmacy technician: ìbéèrè 90, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50, $129, ẹni tó bá gba 1400 ló yege. Ṣùgbọ́n PTCB tó ń ṣe ìdánwò náà kò ní jẹ́ kó jókòó àfi tó bá ti parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, tàbí kó ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún wákàtí 500. Ẹni tí kò rí externship ṣe, ẹ̀kọ́ wo ló parí?

Ìwé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọ fámásì, tí wọ́n ń yọ síta nígbà tí kíláàsì bá ti fẹ́ parí, tún wà níbẹ̀: àyẹ̀wò ìtọ̀, ìtẹ̀ka, abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ hepatitis B tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni: ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní oṣù díẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gba oṣù mẹ́fà! Heplisav-B wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, tí oṣù kan wà láàárín, àmọ́ ẹni tí wọn ò sọ fún kò lè béèrè.

Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe àwọn tí wọ́n bí nílé lọ́ṣẹ́ jù. BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n gún wa ní kékeré, tó fi àpá sí wa lápá, lè mú kí ibi tí wọ́n gún fún àyẹ̀wò sábẹ́ awọ wú, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kòkòrò ikọ́ wà lára ẹni náà. Ó di X-ray àyà, ó di lọ-bọ̀. Ẹni tí kò bá sì padà lọ kí nọ́ọ̀sì wò ó láàárín wákàtí 48 sí 72, àtúnṣe ni. Àyẹ̀wò ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IGRA ni kí wọ́n béèrè. BCG kì í da ìyẹn rú. Gbólóhùn kan báyìí ṣòro fún wọn láti kọ sójú fọ́ọ̀mù. Owó ṣá, wọn kì í gbàgbé láti kọ iye rẹ̀.

Wọ́n á ní ṣebí fídíò wà tó lè dípò externship. Ẹ jẹ́ ká wo ọsibítù tí wọ́n ti ń po oògùn tí yóò gba inú iṣan wọlé. Inú àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ tí wọ́n ń pè ní hood ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí wọ́n bá ti pa á, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, íńṣì 6 sínú ẹnu rẹ̀ sì ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́. Nínú èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, nǹkan kan ò gbọdọ̀ dúró láàárín asẹ́ ẹ̀yìn yẹn àti ẹnu ìgò. Ẹni tó jẹ́ fídíò ló wò á di ìgò náà mú bí ẹní di ife tíì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀yìn ìgò, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mọ́ á wá kọ́kọ́ gba ara ìbọ̀wọ́ kọjá kó tó dé orí abẹ́rẹ́. Fídíò kì í gbá ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tó dúró tì í ló ń gbá a lọ́wọ́.

Ní káúńtà náà bẹ́ẹ̀ ni. Ìgò ínsúlínì mililítà 10 ní yúnìtì 1,000. Ẹni tó ń lo yúnìtì 50 lójúmọ́, ogún ọjọ́ ni yóò lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe é rí á tẹ ọgbọ̀n ọjọ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí ọgbọ̀n ló ń rí lára ìwé oògùn yòókù. Nígbà tó bá di ogún ọjọ́, ìgò ti gbẹ, ìnṣọ́ránsì ní àsìkò ò tíì tó, ìyá àgbà dúró sí káúńtà, kò sí oògùn. Ká má tíì sọ ti orúkọ: paracetamol tilé di acetaminophen, salbutamol di albuterol, adrenaline di epinephrine. Hydroxyzine wà fún ara yíyún, hydralazine wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í ṣe inú ìwé lèèyàn ti ń mọ bí ìgò méjèèjì ṣe ń jókòó ti ara wọn lórí àtẹ.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò le. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì má gba kọ́bọ̀ títí wọ́n á fi fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé tó dárúkọ fámásì tó máa lọ, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí, àti apòògùn tó máa bójú tó o. Tí àyè bá jẹ́ mẹ́fà, kí kíláàsì jẹ́ ènìyàn mẹ́fà, kí àwọn tó kù dúró de èyí tó kàn pẹ̀lú owó wọn lápò. Kí wọ́n pín wákàtí náà sí méjì: fámásì kékeré fún oògùn kíkà, kọ̀ǹpútà àti ìnṣọ́ránsì, ọsibítù fún hood. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní fámásì tiwọn nílùú yìí ò kéré, apòògùn tó ni ín ló sì wà lẹ́yìn káúńtà, kò sí agbo lọ́yà tí ìwé àdéhùn á rà sí lọ́wọ́. Kí wọ́n lọ bá wọn. Tí fámásì kan bá yẹ àdéhùn, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá òmíràn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí kí wọ́n dá owó padà, gbogbo rẹ̀.

Kí wọ́n ka $129 mọ́ owó ilé-ìwé. Kí wọ́n ṣí kíláàsì alẹ́ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Kí ẹ̀yin náà sì máa bi ẹni tó bá gbé ìpolówó wá pé fámásì mélòó ló ti bá a tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ìwé àdéhùn fámásì ni kó kọ́kọ́ béèrè. Tí wọ́n bá ní "a máa rí i", kó ká owó rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Houston, Texas.